Ẹ Bi Bàbá Léèrè Kó Tó Di Ìkéde

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ wa ní Alafiarou àti gbogbo agbègbè Tchaourou, ní orílẹ̀-èdè Benin

   

Ẹ gbọ́ ìkéde òkú tó ṣáájú ètò yìí. Ọ̀rọ̀ mi kò kan olóògbé náà, mi ò sì ní tún orúkọ rẹ̀ dá; kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí wọ́n ṣe ń ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Wọ́n á ní ìdílé báyìí ní Alafiarou, ìdílé báyìí ní Kilibo, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Parakou, ní Kútọnu. Lẹ́yìn náà wọ́n á ré kọjá ibodè: ní Ṣakí, ní Ìbàdàn, ní Èkó. Wọ́n á to àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ àti àwọn àna lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n tó wá kan ẹni tó kú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ bó ṣe já geere. Àwa tí a wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ là ń rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ olóògbé á dé pẹ̀lú bébà, wọ́n á dúró lẹ́bàá ògiri, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. “Kilibo ni àbúrò bàbá yẹn wà ni, àbí Toui?” “Ìyá wo ló bí èyí tó wà ní Ṣakí?” Wọ́n á tẹ ẹnì kan láago. Ẹni yẹn á ní òun náà ò mọ̀, bàbá ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tẹ ẹlòmíì. Bàbá náà ló mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sanwó àgọ́, wọ́n ti sanwó àga, wọ́n ti ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n sì ti ra màlúù tí wọ́n máa pa sílẹ̀ de àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo ohun tí owó lè rà ti délẹ̀. Orúkọ àbúrò bàbá nìkan ni kò sí.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìrántí bàbá lónìí. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn àwọn bàbá wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń dúró di ẹ̀yìn ikú wọn ká tó fi hàn, nígbà tí ẹni tó yẹ ká bi ní ìbéèrè kò lè dáhùn mọ́.

Kí ló dé tí orúkọ ìlú fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkéde wa? Ìrìn àwọn bàbá wa ló fà á, pẹ̀lú ọwọ́ òyìnbó. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, ní Paris, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé tó fa ààlà sórí ilẹ̀ wa. Kò sí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kankan níbẹ̀, kò sí ará Kétu. Odò Ọ̀pára tí àwọn ọdẹ ń dá kọjá láti lọ pẹran di ibodè, ẹ̀gbọ́n bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò bọ́ sábẹ́ Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó jáde ní ọdún 1976, ó sì fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló sá kúrò lápá Faransé lọ sápá Gẹ̀ẹ́sì. Owó orí ń lé wọn. Wọ́n ń fi tipátipá kó ọmọkùnrin lọ sógun, wọ́n ń fi tipátipá kó wọn lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ tipátipá yẹn kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin títí di ọdún 1946.

Nítorí náà, àbúrò bàbá tí ẹ gbọ́ pé ó “lọ sí ìdálẹ̀ tí kò padà” lè má jẹ́ ọmọ burúkú rárá. Ó lè jẹ́ pé ó sá fún iṣẹ́ ọ̀nà ni. Ó lè ti bímọ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ náà sì máa béèrè yín. Mélòó nínú wa ló ti bi bàbá rẹ̀ nípa èyí? Ibodè náà kò sì yé dí wa lọ́wọ́. Nàìjíríà tì í pa ní ọdún 1984. Nígbà tó tún tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Lásìkò yẹn, ìkéde òkú tí a kà níbi yìí fún àwọn ẹbí tó wà ní òdìkejì, àfi kí wọ́n sọkún rẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tí kò wá ò ṣàìfẹ́ wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ mú káàdì bàbá yín wò. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà gidi, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ Faransé méjì níbi tó yẹ kí ọjọ́ ìbí wà: né vers. Ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Kò sọ́jọ́, kò sóṣù. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti òpin ọdún 2017 wọ 2018, ètò tí wọ́n ń pè ní RAVIP, àwọn àgbàlagbà wa tò pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

1938 ni wọ́n kọ fún bàbá tèmi. Ta ló sọ fún wọn? Akọ̀wé kan ló wò ó lójú, ó wo irun rẹ̀, ó sì fún un ní ọdún kan bí ẹni ń bu iyọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí mo gbọ́n díẹ̀, mo jókòó tì í lọ́wọ́ ọ̀sán kan tó ń bó iṣu kókóró tó fẹ́ sá fún èlùbọ́, mo ní kó jẹ́ ká ka ọdún rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ rí ìgbà tí ojú irin ń kọjá lọ sí Parakou?” Ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n òun ló rí i, ọmọ kékeré ni ẹ̀gbọ́n náà, ó sì sá wọ inú igbó nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ fọn. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ojú irin tó ti Kútọnu wá dé Parakou, kìlómítà 438. Mo ní ìgbà tí wọ́n fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ là. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí bàbá òun fi ọkọ́ sílẹ̀ tó rẹ́rìn-ín, pé òun ti lè dá kọ ààbọ̀ igba ebè nígbà yẹn kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè kọ ọgọ́rùn-ún ebè kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá nìyẹn. Mo ní, “Bàbá, ìjọba ti dín yín kù ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.” Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n á dá a padà ni?”

Ẹ̀rín la fi parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí gbà kọjá ọdún ìbí. Mo gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sá wọgbó. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ mọ ẹ̀rín rín. Òkúrorò ènìyàn ni mo ti rò pé ó jẹ́. Mo sì gbọ́ ìdí tí bàbá tèmi kò fi jẹ́ ká gbin iṣu lábọ́kọ́ sí oko tó wà lọ́nà odò: ilẹ̀ ibẹ̀ ti rẹ̀, lábọ́kọ́ kì í sì í fẹ́ ilẹ̀ tó ti rẹ̀, kókóró ló lè fara dà á. Gbogbo èyí ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi bàbá yín pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ẹ bi í pé ibo ló wà nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ṣé ó ti gbéyàwó? Nígbà tí Kérékou gbàjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, ọmọ rẹ̀ wo ló wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀? Nígbà tí wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, oko wo ló ń ro? Nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn àjèjì ní oṣù kìíní ọdún 1983, ta ló padà wálé nínú ẹbí, ta ló sì fara pa mọ́ sọ́hùn-ún? Nígbà tí owó sẹ́fà já sí ìdajì ní oṣù kìíní ọdún 1994, kí ló tà kí ọmọ tó lè padà sí ilé ìwé? Ẹ ó rí i pé àgbàlagbà tó ní òun ò mọ nǹkan kan á sọ̀rọ̀ di alẹ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Àrọ́bá pàápàá, àfi kẹ́nì kan rọ ọ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Bàbá rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Aké, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ ṣí àpótí páànù kan tí bàbá ń kó ìwé sí, ó bá lẹ́tà níbẹ̀, ó bá ìwé owó orí, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Nǹkan tí ẹlòmíì ì bá fi dáná. Àwọn bébà yẹn ló fi hun ìwé kan nípa bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ó sọ ìwé náà ní Ìsarà, orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ ní Rẹ́mọ, ó sì jáde ní ọdún 1989. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ reluwé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé inú àpótí rẹ̀ pọ́n àkàrà.

Ṣùgbọ́n bàbá Ṣóyínká mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ bàbá tiwa, àpótí wọn, ẹnu wọn ni. Fóònù tó wà lápò yín lè gba ohùn wọn sílẹ̀, WhatsApp sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà ní Libreville kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ wá ibi tó dákẹ́. Ẹ pa rédíò, kódà bí èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bàbá, kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ òní, orúkọ rẹ̀, àti orúkọ àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́nu dúró pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni màmá ṣe sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ lọ gba ti màmá lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí fóònù ń bàjẹ́, olè ń jí i.

Ẹ jẹ́ kí ohùn yẹn dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ o. Ẹ̀yin mọ bí agbo ilé ṣe rí nígbà tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan. Iyèkan máa ń wá ara wọn kiri. Àwọn ọbàkan ló máa ń túká lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, nítorí bàbá nìkan ni ìdè tó so wọ́n pọ̀. Bí ọmọ ìyáálé bá kó gbogbo ìtàn bàbá sọ́wọ́, tí kò jẹ́ kí ọmọ ìyàwó kékeré gbọ́, ó ti lé àbúrò rẹ̀ kúrò nínú ilé láìgbé igi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bẹ̀rù ẹni tó máa bínú.

Ẹ tún wò ó: ta ló mọ oríkì bàbá yín jù? Ẹ lọ wò ó dáadáa, obìnrin ni. Ìyàwó ilé tí wọ́n gbé wá láti ìlú míì ló kọ́ oríkì ọkọ, tó fi ń jí i láàárọ̀, tó fi ń ki ọmọ tó bá forí gbẹ̀bùn bọ̀ láti ilé ìwé. Ọmọbìnrin tí ẹ fà fún ọkọ ní Tchatchou gbé oríkì bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sí gbàgede, bí ẹ bá ní kí wọ́n kì í, wọ́n á kà á dé ìlà kẹta, wọ́n á wúkọ́.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín oko kajú, wọ́n á ní obìnrin ò ní ìpín níbẹ̀, ilé ọkọ ni tirẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè yìí lórí ẹni àti ìdílé, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìpín kan náà ni wọ́n ní nínú ogún bàbá wọn, opó náà sì ní tirẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn alfa ní ìṣirò tiwọn, àwọn olórí ẹbí náà ní tiwọn. Mi ò wá síbí láti bá wọn jà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọbìnrin tí ẹ lé kúrò lórí oko bàbá rẹ̀ kò ní í padà wá kọ́ ọmọ yín ní oríkì.

Ọ̀rọ̀ oko yìí gba kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń dìjà. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní ọdún 2002, gbogbo kọ́mínì Tchaourou jẹ́ 106,852. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, a ti di 223,138. Ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ dáko á sọ fún baálẹ̀, á mú obì dání, á sì tọ́ka sí igi emi kan, pé láti ibí lọ. Igi emi náà lè ti wó. Ẹni tó gbin kajú sí etí oko ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn lè ti kọjá ààlà láìmọ̀, ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá yín mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àwọn bàbá méjì tó jọ pààlà máa ń mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì fi ẹ̀rín bò ó, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ yẹn kì í ṣe ogún. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá lọ tán, àwọn ọmọ wọn á fa àdá yọ.

Nítorí náà, ẹ mú bàbá lọ sí oko nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e. Bí ẹsẹ̀ ò bá gbé e mọ́, ẹ gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ pe bàbá kejì tó ni oko ẹ̀gbẹ́, kí àwọn ọmọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, kí wọ́n rìn ín yípo lójú gbogbo yín. Ẹ gbin igi tuntun sí igun kọ̀ọ̀kan. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2017, fàyè gba ìwé ẹ̀rí fún ilẹ̀ tí èèyàn ní lábẹ́ àṣà, ẹ sì lè béèrè lọ́dọ̀ mérì bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi bàbá pẹ̀lú, níbẹ̀ kan náà: ta ló jẹ ẹ́ lówó, ta lòun jẹ? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìtìjú kì í jẹ́ kó béèrè èyí, wọ́n ń rò pé bàbá á ní wọ́n ń wá ikú òun. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní, “Bàbá, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ gbá orúkọ yín mú.” Kò sí bàbá tí kò ní gbọ́ ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń gbọ́ mi tó ní bàbá tòun ò ṣeé rántí sí rere, pé ó lé ìyá òun, kò sanwó ilé ìwé òun. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní fi dandan mú ọ láti kì í. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ ní ẹbí lọ́dọ̀ rẹ̀: wọ́n ní ìyá àgbà, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Béèrè tiwọn, nítorí ọmọ tí kò mọ ẹbí rẹ̀ lè lọ fẹ́ ẹ.

Èyí tó dùn jù lọ́dọ̀ wa, mo fẹ́ kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi orúkọ bàbá sọ ọmọ-ọmọ, ọmọ náà á di “Bàbá” fún gbogbo ilé. Ẹ ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́ta, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun,” tí Bàbá sì ń sunkún nítorí ẹran. Ìyá rẹ̀ ò ní í na án tán, á ní òun ò lè na bàbá ọkọ òun. Ẹ bi Bàbá kékeré yìí nígbà tó bá dàgbà pé ta ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá lè sọ ju pé “bàbá bàbá mi ni,” ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, kì í ṣe òun.

Àwọn alfa máa ń rán wa létí nídìí fídáù pé lára ohun tí kì í parẹ́ lẹ́yìn òkú ni ọmọ rere tó ń ṣe àdúrà fún un. Àdúrà ò ná wa ní màlúù. Ìbéèrè náà ò ná wa ní nǹkan kan.

Bí bàbá yín bá wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti jẹun alẹ́ tán, ẹ gbé àpótí sún mọ́ ọn, kí ẹ bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan péré: orúkọ gbogbo ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí, àti ibi tí wọ́n wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ilé ìwé ọmọ yín. Bí ó bá wà ní Kútọnu tàbí l'Ékòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ láago. Bí ó bá ti lọ, ẹ wá àbúrò rẹ̀ tó kù, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ìyàwó ilé tó dàgbà jù, ẹ ra obì dání lọ́la. Kí ẹni tó bá tún gbé ìwé ìkéde wá sọ́dọ̀ wa ti kọ gbogbo orúkọ sí i láti ilé.